Bàtà Rọ́bà Kan

Dasom, má fà mí lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, orúnkún mi kì í ṣe ẹgbẹ́ tìrẹ.
Jẹ́ ká jókòó sórí òkúta yìí, ká wo omi.
O ní odò yìí dára. Mo gbọ́.
Ó dára lóòótọ́. Ẹja wà nínú rẹ̀,
lékeléke kan sì dúró sétí rẹ̀
bí ẹni tó wá sin gbèsè tí kò fẹ́ pariwo.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ẹja.
Cheonggye ni wọ́n ń pè é, odò tó mọ́ gaara,
bí ìgbà tí wọ́n bá pe apárí ní Onírun.
Òórùn rẹ̀ a máa jí wa kí àkùkọ tó kọ.
Orí òpó igi mẹ́fà ni ilé wa dúró sí,
pákó àti páànù tí bàbá mi rà lọ́wọ́ àwọn tó tú bárékè ṣọ́jà ká.
Bí òjò ńlá bá dé, ilé a máa mì, ìyá mi a ní,
"Ẹ má sùn sápá kan. Ẹ pín ara yín."

Ibẹ̀ ni bàtà mi ti bọ́.
Bàtà rọ́bà funfun, ọjọ́ kẹta tí wọ́n rà á fún mi.
Èmi àti Pilnyeo, ọmọ alámùúlégbè wa, ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta,
omi dúdú gbà á lẹ́sẹ̀ mi,
kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni pé ó jalè.
Ìyá mi ò nà mí. Ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ kan tó kù.
Ìbá sàn kó nà mí.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n sin odò náà láàyè.
Wọ́n da kọnkéré lé e lójú, ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá,
nígbà tó tún yá, wọ́n gbé títì mìíràn gun títì lórí.
Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.
Ta ló fẹ́ bá òórùn ṣọ̀fọ̀?

Mo pé mẹ́rìndínlógún, mo wọ ilé ìránṣọ:
àjà tí wọ́n fi pákó là sí méjì, tí ẹnikẹ́ni ò lè nàró nínú rẹ̀,
ẹ̀rọ mẹ́rìnlá, fèrèsé kan,
táyà ọkọ̀ nìkan là ń rí lójú fèrèsé.
Bí a bá fun imú, àwọ̀ aṣọ ọjọ́ náà ló ń jáde.
Pilnyeo wà lápá òsì mi, ó ń wúkọ́
sínú aṣọ tí ẹlòmíràn yóò wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó.
Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àga rẹ̀ ṣófo.
Kó tó di ọ̀sán, ọmọ mìíràn ti jókòó lé e.

Irun mi ti funfun kí wọ́n tó ní títì òkè náà ti sán.
Wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹni ń gé tófù.
Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ yọjú láti ihò ara ọgbà páànù wọn.
Bàbá rẹ ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"
Ṣé kí n sọ fún un pé bàtà ni?
Wọ́n hú òkúta afárá ayé àwọn ọba,
wọ́n nù ún, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sára irin.
Wọn ò rí bàtà.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.
Èyí ò ní gbẹ. Ẹ̀rọ ló ń fà á wá láti odò ńlá,
bọ́tìnnì ni orísun rẹ̀,
bí wọ́n bá paná, odò á lọ sùn.

N kò bínú. Àbí mo bínú?
Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn ti ń mu kọfí,
ibẹ̀ ni okùn tí ìyá mi ń sá aṣọ sí.

Ó dáa, lọ, lọ fò.
Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ di okùn bàtà rẹ.
Mo mọ̀ pé omi yìí mọ́, mo ti rí i.
Ṣáà dì í.