Iná Pupa ní Apáké

Méjìlá ni òfin òkun wí.
Bàbá Lájídé á sọ ọ́, á tún un sọ:
iná ẹ-gbà-wá méjìlá, pupa, tí í fò sójú ọ̀run,
kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára má tíì kọjá.
Ọkọ̀ tó bá rí i gbọ́dọ̀ yà,
ì báà jẹ́ ọ̀tá ló ń rì.

Ògbómọ̀ṣọ́ rèé, kò sí òkun.
Kànga wa gan-an, bó bá di oṣù Èrèlé, a gbẹ.
Síbẹ̀ ó tọ́jú ẹyọ kan sínú agolo mílíìkì
lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fún ọdún mọ́kànlélógún.

Alẹ́ tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu rẹ̀,
ìka kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù.
Ó fi kan ògiri: kó-kó-kó.
Ó fà á gbọọrọ, lẹ́ẹ̀mẹta.
Kó-kó-kó.
Ìyá mi ní òùngbẹ ni.
Wọ́n gbómi wá. Ó pa ẹnu dé.

Èmi ló kọ́ ní lílù yẹn, ní pírámárì kẹta.
Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé.
Àwo ni mò ń fọ̀.
Mo ní kí n fọ èyí tó kù,
méjì péré.