Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Omi

Hylke, ogójì ọdún lo fi ṣọ́ ilẹ̀kùn omi
ní Friesland, níbi tí òkun ti ga ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ.
O mọ ìró tí omi ń dá bó bá fẹ́ jalè.
Èmi ò mọ̀ ọ́n. Àwòrán ni mo mọ̀ ọ́n kà,
nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, nílé ìwòsàn Groningen,
níbi tí ẹ̀rọ ti ń kùn bí ẹni tó ń bá ògiri jà.

Kókó kan wà nínú kíndìnrín rẹ ọ̀tún,
ó ti rán ọmọ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.
Kò lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀:
òùngbẹ ń gbẹ mí o, òùngbẹ ń gbẹ mí.
Òpó ẹ̀jẹ̀ tó bá gbọ́ a yọ èèhù,
a fàyà wọ́ lọ bá a.
Ọ̀nà tí wọ́n là fún un kò gún;
ó lọ́, ó ń jò, ó ń pàdé ara rẹ̀ lójú ọ̀nà
bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé.
Ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ, jẹjẹrẹ,
ẹ̀jẹ̀ ló fi ń dàgbà.

“Mo mọ irú ẹ̀,” lo wí. “Kòtò tí wọ́n gbẹ́ láìgbàṣẹ.
Ẹ dí i pa.”

Oògùn náà kì í bá kókó jà;
ilẹ̀kùn omi ló ń tì mọ́ ọn.
Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kókó ni òùngbẹ ń pa.
Òmíràn a rọ bí ewé tí oòrùn bá wí;
òmíràn a wá ihò eku lábẹ́ odi,
a gbabẹ̀ mumi, a tún le ju ti àná.
Èwo ni tìrẹ?
Nítorí ìbéèrè yẹn ni wọ́n ṣe ń san owó oṣù mi.

Ní ọjọ́ kẹjọ o tún wọnú ihò ẹ̀rọ,
tìwọ ti ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí Baukje hun.
A fa omi àfihàn sí ọ lápá,
mo wá ń ka ìṣẹ́jú àáyá:
mélòó kó tó dé, mélòó kó tó jò síta.
Kókó ò kéré, kò fi ìbú irun kan kéré.
Ẹni tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n á ní iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.
Ṣùgbọ́n omi yẹn pẹ́ kó tó dé.
Ibi tó pọ́n bí ẹyin iná lọ́sẹ̀ tó kọjá
ti ṣú láàárín,
bí ilé tí wọ́n ti pa àtùpà rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Baukje pè láti ilé ìdáná.
Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ ti gòkè: méjìdínlọ́gọ́jọ.
Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé kó kó oògùn dànù ni?
Mo ní kó má kó o dànù, kó pe Dókítà Wiarda,
ẹ̀jẹ̀ ríru ní oògùn tirẹ̀.
Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí:
lára ọ̀pọ̀ ẹni tí oògùn yìí bá ràn, ẹ̀jẹ̀ a máa ru.
Irú iṣẹ́ wo rèé,
tí ọ̀ràn ìpayà fi ń jẹ́ lẹ́tà ayọ̀?

Fọ́ọ̀mù béèrè nọ́ńbà. Mo kọ ọ́:
nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta ó lé díẹ̀.
O ní kí nìyẹn túmọ̀ sí.
Mo ní, ká ní ọgọ́rùn-ún Hylke ló dùbúlẹ̀ síbí…
O ní, “Ẹyọ kan ṣoṣo ni mí.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. N ò lè fèsì.
Ìwọ lo wá tù mí nínú, ìwọ tí ara ń ro:
pé lálẹ́ ìjì, bó o bá ti ti ilẹ̀kùn tán,
ìwọ náà ò mọ̀ bóyá yóò dúró.
“Kí lo wá ń ṣe?”
“Mo máa ń sùn díẹ̀.
Tó bá di aago mẹ́ta, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wò ó.”

Ọ̀sẹ̀ kejìlá.
Mo ti kọ orúkọ rẹ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.