Ẹ̀wà Ló Jẹ

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní Másífà
ni àbúrò mi Oyèdìran ṣubú lẹ́bàá kànga,
ojú yí sókè,
ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀ bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì mi.

Ọ̀kadà kan ṣoṣo la rí. Mo gbé e sáàárín,
itọ́ rẹ̀ rin èjìká mi gbindin títí dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló jẹ?"
Ìyá wa ní, "Ẹ̀wà. Ẹ̀wà ló jẹ lálẹ́ àná."
Ó ní ayé ló ń bá a jà,
ó dárúkọ obìnrin tó yá wa lọ́bẹ.

Oyèdìran tó ń ru igba búlọ́ọ̀kù lóòjọ́
níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́,
tó ní egbò ò dun òun, ebi ò pa òun,
tó ń bá ògiri rẹ́rìn-ín lóru!
A ní ọmọ wa lágbára.
A ná owó rẹ̀.
Èmi náà fi díẹ̀ níbẹ̀ ra òwú.

Páálí tíráma tó ṣófo wà níkùúkù mi.
Abẹ́ ẹní rẹ̀ ni mo ti mú un.
Mo ti mọ̀ láti ìgbà iléyá.

Nọ́ọ̀sì tún bèèrè. Ìyá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.
Mo la ọwọ́.

Títí dòní Ìyá kì í jẹ́ mi ní kíkí.
Oyèdìran ń jókòó lábẹ́ máńgòrò,
ó ń wá ihò tí bọ́tìnnì ń wọ̀.
Lánàá ó pè mí, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi:
"Ẹ̀gbọ́n mi, egbò yìí ń dùn mí."

Mo sáré gbé omi kaná.