Ìwé Tí Marlys Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Ìwé tí Marlys Tveit fọwọ́ ara rẹ̀ kọ
wà lára ògiri ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Laurel,
lókè ìkòkò kọfí tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀.
Oòrùn ti jẹ igun rẹ̀ kan. A ṣì ń kà á.

Bí ìkùukùu bá sún mọ́ ilẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì ẹsẹ̀ bàtà lọ, jókòó.
Bí o bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, tó ò rí àká ọkà Hegstad, jókòó.
Má bi sánmà léèrè lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìdáhùn àkọ́kọ́ ò dùn mọ́ ọ.
"Ẹ jẹ́ n kàn gòkè lọ wò ó ná":
ohun tí Duane sọ nìyẹn. Àwa la lọ ṣà á jọ nínú oko àlìkámà.

Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú yíǹkì pupa:
Má ṣe béèrè ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀.

Mo rò pé ìkà ni, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé.
Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é. Katakata ni mò ń tún ṣe lójúmọ́.
Kí ló dé tí mi ò ní mọ orúkọ?

Òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, àpótí dé láti Billings:
àpò pupa mẹ́rin lórí yìnyín,
àpò aláwọ̀ oyin kan lọ́tọ̀, èyí tí kò fẹ́ òtútù,
tó ń fẹ́ ká máa rọra mì í bí ọmọ tí à ń rẹ̀ lẹ́kún.
Scobey ló ń lọ, lókè lọ́hùn-ún, létí Kánádà.
Fóònù dún, mo gbé e. Nọ́ọ̀sì rò pé Marlys ni:
"Ìyálọ́mọ yìí ò lè pẹ́ mọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ò dá."

Bí mo ṣe gbọ́ "ìyálọ́mọ" báyìí, mo di akọni.
Ìkùukùu ga sí i lójú mi. Àká Hegstad, tí mi ò rí,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Marlys ò bá mi jiyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ mi,
ó fà mí jáde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé wáyà ọgbà.
Òjò ń rọ̀, ó ń di dígí bó ṣe ń balẹ̀.
Wáyà tín-ín-rín ti nípọn bí àtàǹpàkò.
"Apá báàlúù rẹ nìyẹn," ó wí, "láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Àánú ò ní ìwé àṣẹ awakọ̀."

Ọlọ́pàá ló gbé e gba ilẹ̀. Lavonne Kirschner gbé e dé Jordan,
ẹlòmíì gbà á dé Wolf Point, ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún.
Mo fi bẹ́líìtì de àpótí mọ́ ìjókòó.
Mo ní, "Ẹ máa mì í díẹ̀díẹ̀." Lavonne ní, "Ọ̀nà yìí á mì í."

Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ọwọ́ mi ò mọ ohun tó lè ṣe.
Mo fọ ìkòkò kọfí. Mo fi iyanrìn ha á títí irin fi hàn.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀. "Àpótí ti dé. Ó ṣì tutù."
Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ò béèrè.
Ọdún kẹsàn-án rèé. Bí mo bá balẹ̀ sí Scobey,
mo máa ń wo àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú pópó,
mo máa ń ṣírò ọjọ́ orí, kí n tó kó ara mi níjàánu.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, sánmà mọ́ kedere bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.
Marlys wọlé, ó wo orí sítóòfù.
"Ta ló fọ ìkòkò mi?"