Lẹ́nu Géètì Ceinwen

Mo fi owó ìfẹ̀yìntì ra awò awọ̀nàjíjìn,
funfun báláú, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá.
Páálí tó gbé e wá ń ṣèlérí:
"Wo òpin ayé láti ẹ̀yìnkùlé rẹ!"
Ẹ̀yìnkùlé mi wà ní Wales, láàárín òkè àti àgùntàn.
Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Lọ́jọ́ ogún, ojú ọ̀run là.
Mo gbé e síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbọ̀n
bí ọmọ àgùntàn tí wọ́n bí láàárọ̀.
Mo wo ibi tí mo rò pé Júpítà wà:
òkùnkùn. Mo yí i: òkùnkùn mìíràn.
Mo wò ó títí, mo rí irun ìpéǹpéjú ara mi.

Ceinwen ló ń kọjá, opó Idwal,
ó ń wá abo àgùntàn kan tó sọnù.
Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pa iná ilé ìdáná rẹ."
Mo pa á. Ó ní, "Ó yá, jókòó."
"Títí dìgbà wo?"
"Títí ojú rẹ yóò fi gbàgbé iná."

A jókòó sórí ògiri òkúta. Òtútù ń jẹ mí létí.
Fún ogún ìṣẹ́jú, gbólóhùn mẹ́ta ló sọ,
méjì jẹ́ ti àgùntàn.
Àgùàlà ti bá òṣù wọlé lọ ní tiwọn.
Àwọn tó kù wá ń yọ díẹ̀díẹ̀,
bí ará abúlé tó ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn
lẹ́yìn tí àlejò aláriwo ti lọ,
títí n kò fi mọ ibi tí mo lè nàka sí.

Ó fa awò olójú méjì yọ lápò ẹ̀wù,
èyí tí Idwal fi ń ka àgùntàn lókè ọ̀hún.
Ojú kan ti sán. Okùn koríko ni wọ́n so mọ́ ọn.
"Fi ìgbọ̀nwọ́ ti géètì. Wo ibi tó dà bí èéfín yẹn."
Èéfín náà fọ́ sí wẹ́wẹ́: òròmọdìẹ lábẹ́ ìyá wọn.
Mo ka mẹ́tàlélógún, ó dàrú, mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Awò tìrẹ kò burú," ó ní. "So òkúta mọ́ abẹ́ rẹ̀.
Gbé e síta ṣáájú, kí dígí rẹ̀ mọ òtútù.
Má sì tíì lo èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá.
Ohun tí o kò tíì rí, kí lo fẹ́ sọ di ńlá?"

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo rí Júpítà,
òṣùpá mẹ́rin tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Mo kanlẹ̀kùn rẹ̀ láago méjì òru.
Ó wọ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ jáde, ó wò, ó pẹ́,
ó ní, "Idwal ì bá rí i."

Ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ní mo ti di ajá opó.
Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa Àgùàlà náà.

Abo àgùntàn yẹn ńkọ́? A rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
lẹ́yìn ilé mi, ó ń jẹ páálí.
Ó ti jẹ ẹ́ dé "òpin ayé".