Ọkọ̀ Tó Dorí Kodò

Yìnyín ti ti ilẹ̀kùn mọ́ adágún Peipsi láti oṣù tó kọjá.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ Kasepää ti ń ṣú,
èmi àti ọmọ mẹ́rin ló kù ní kíláàsì
pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì kan tí kò tó bíríkì,
tí ojú rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ.

Kirke, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
tí kì í bọ́ fìlà rẹ̀ bó tilẹ̀ wọlé,
ní òun fẹ́ ya ọkọ̀ bàbá àgbà òun sójú ẹ̀rọ yìí.
Mo ní, ó dáa. Kọ́kọ́ mọ ààlà ilẹ̀ rẹ.
Ọgọ́rùn-ún tótó ní ìbú,
mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láti òkè délẹ̀,
kò sí ẹ̀kún.
Àwọ̀ kan ṣoṣo náà ni: dúdú.
Kò sí eérú, kò sí ó-fẹ́-dúdú-díẹ̀.
Tótó kọ̀ọ̀kan á jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó dákẹ́.

Jáfà ò sì mojú ẹnikẹ́ni.
Lẹ́tà ńlá níbi tó yẹ kó kéré, ó kọ̀.
Kókó orí kọ́mà tí o gbàgbé nídìí ìlà, ó kọ̀,
bí Aino ilé ìfìwéránṣẹ́ wa àtijọ́
tó ń dá lẹ́tà padà torí pé sítáǹbù wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà yọ,
a ò tíì ṣẹ́jú, ó ti lọ.
Kirke wò mí bí ẹni tí wọ́n jà lólè.
Mo ní, ẹ̀rọ ò jà ọ́ lólè, iṣẹ́ tó o rán an ló jẹ́.
Ó yà á tán, ó gba ilé ẹ̀ lọ.
Ta ló ní kó dúró?
Ó wá kọ ìlà kan sí i: dúró,
títí ẹnìkan yóò fi tẹ bọ́tìnì.

Ìgbà kejì, ọkọ̀ dúró lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ó dorí kodò,
ìdí rẹ̀ kọjú sọ́run.
Ürmo rẹ́rìn-ín títí àga fi yẹ̀ mọ́ ọn nídìí.
Mo ṣàlàyé: nínú ìwé ìṣirò, ilẹ̀ la ti ń kà lọ sókè;
níbí, òdo wà lókè pátápátá, lápá òsì,
òkè ni kíkà ti ń bọ̀, bí òjò.
Yọ gíga kọ̀ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta.
Ó mú pẹ́ńsù. Ó ti yọ mẹ́rin

nígbà tí Heldur wọlé wá mú un,
òjò dídì lára bàtà, òórùn ẹja yíyan lára ẹ̀wù.
Ó bọ́ gíláàsì ojú, ó gbé róbọ́ọ̀tì súnmọ́ imú.
"Kí lẹ fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?
Oṣù kejì la wà.
Ọkọ̀ ta lẹ rí tó dojú sókè nínú oṣù kejì?"
Ìlà tó yẹ kó dagun ti di àtẹ̀gùn, gíga-gìga;
ó fi èékánná tọ́ ọ:
"Ibí gan-an ni pákó ti jẹrà."
Lẹ́yìn náà: "Òjò dídì orí rẹ̀ dà?"

Funfun, lójú ẹ̀rọ tó mọ dúdú nìkan.
Kirke jókòó. Ó ronú, ó fa fìlà bo etí.
Ó wá ń pa tótó rẹ́ lórí ìdí ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ìkan níbí, méjì lọ́hùn-ún,
títí dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Wọ́n lọ. Ó yẹ kí n tẹ bọ́tìnì kí n tó tilẹ̀kùn.
N ò tẹ̀ ẹ́.
Mo gbé e sójú fèrèsé, ó kọjú sí adágún, ó ń dúró.

Láàárọ̀, bátìrì ti kú, ojú ẹ̀rọ ṣófo.
Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀.
Kirke tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa.
"Ó mà rọ̀ lóru o," ó ní.
"Òjò dídì ti bò ó tán."