Ìwé Orúkọ

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù,
nígbà tí odò Ògùn bá fà, tí àpáta ń yọrí ní Àgọ́-Ìkà,
a máa ń da ojú ọkọ̀ méje délẹ̀ sórí iyanrìn.
Ẹnìkan á po ọ̀dà, ẹnìkan á fi òwú dí ihò.
Ṣóbándé télọ̀ ló ń rán ìgbòkun,
kò gba kọ́bọ̀;
ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ni owó iṣẹ́ wa.

Ìwé orúkọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, èmi akọ̀wé.
Mọ́kànlélógójì ló fọwọ́ sí i lọ́dún tí mo gbéyàwó.
Lóṣù tó kọjá, mẹ́ta.
Àwọn yòókù ń fi fóònù sanwó ẹgbẹ́,
wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o,"
bí èrò ọkọ̀ tí ń kí àwọn tó ń ṣe títì.

N kò bá wọn wí.
Èmi náà, ẹ̀yìn a máa dùn mí ní Sátidé,
kì í dùn mí ní Sọ́ńdè.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí kò jò.
Lánàá, ọmọ Jọláadé ń fẹsẹ̀ gbá ìdí rẹ̀:
"Bàbá, ta ló ni ọkọ̀ yìí?"
Mo ní, "Àwa ni."
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì létí odò.
"Àwa wo?"